Ètò orí fóònù fún fífi sìgá sílẹ̀: ó mọ ibi tí mo dúró, kò mọ bí mo ṣe ń rìn

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi lo ètò orí fóònù kan tí wọ́n ṣe fún àwọn tó fẹ́ fi sìgá mímu sílẹ̀. Owó ara mi ni mo san, kò sì sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ láti yìn ín tàbí láti bù ú kù. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wo irú ètò bẹ́ẹ̀, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́. Ohun tó fà mí mọ́ ọn ni ìlérí kan ṣoṣo: pé kò ní bá gbogbo amusìgá sọ̀rọ̀ bákan náà, pé yóò kọ́kọ́ wádìí ìpele tí oníkálukú wà kó tó gbà á nímọ̀ràn, àti pé yóò máa bá a lọ bó ti ń kúrò ní ìpele kan bọ́ sí òmíràn. Ó mú ìdajì ìlérí náà ṣẹ dáadáa. Ìdajì tó kù ni ìjà wa.

Àwọn tó ṣe ètò yìí kọ́ ló ni èrò ìpele. Ní ọdún 1983, àwọn onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, James Prochaska àti Carlo DiClemente, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 872 tí wọ́n ń yí àṣà sìgá mímu wọn padà fúnra wọn. Wọ́n rí i pé ìyípadà kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹnìkan wà tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọ̀ létí rárá. Òmíràn ń rò ó, ó ní òun yóò jáwọ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbé ẹsẹ̀. Òmíràn ti jáwọ́, kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà. Òmíràn ti kọjá oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kí ó má ṣubú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi ìpele ìmúrasílẹ̀ kún un, ti ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo máa padà sí i: nínú ìwádìí ọdún 1983 yẹn, kí wọ́n tó fi ìmúrasílẹ̀ kún un, ìpadàsẹ́yìn, ìyẹn kí ẹni tó ti jáwọ́ tún padà sídìí sìgá, wà lára ìpele márààrún tí wọ́n kà.

Ìbéèrè mẹ́rin péré ni ètò náà bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo dáhùn pé mo máa jáwọ́ "lọ́jọ́ kan", mo sì rò pé yóò ní kí n mú ọjọ́ lójú ẹsẹ̀, bí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi ti ń sọ láti ọdún pípẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ìpele ìrònú ni mo wà, ó sì pín ojú ìwé kan sí abala méjì fún mi: ohun tí sìgá ń ṣe fún mi, àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ mi. Abala àkọ́kọ́ ló gùn jù, ètò náà kò sì bá mi wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ ọ́, tí mò ń pa á rẹ́, tí mò ń tún un kọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé sìgá tí mò ń mu bí mo bá jí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí mò ń mu bí ẹnìkan bá mú inú bí mi. Ti òwúrọ̀ jẹ́ gbèsè tí ara ń béèrè, nítorí nikotíìnì, èròjà inú sìgá tó ń di bárakú, ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láti òru. Ti ìbínú jẹ́ àwáwí láti jáde kúrò nínú yàrá. Ẹni tí a bá fipá gbé dé ìpele tí kò tíì dé kì í ráyè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí àríyànjiyàn ló máa ń gba gbogbo àkókò rẹ̀. Bí ètò yìí bá tiẹ̀ dúró síbẹ̀, owó mi kò ṣòfò.

Ìpele ìmúrasílẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n mú ọjọ́, kí n sọ fún ẹnìkan, kí n kó àwo eérú àti ìṣáná dànù. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tó kọ mí lóminú ni pé ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu kan oògùn, ìyẹn nikotíìnì tí a ń lẹ̀ mọ́ ara àti ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀, bí ẹni pé dandan ni kí ènìyàn kọ́kọ́ yege ní kíláàsì kan kí wọ́n tó fi ìwé èkejì hàn án. Irú nǹkan báyìí wà lára ohun tí àwọn kan fi ń ta ko èrò ìpele. Ní ọdún 2005, Robert West, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University College London, kọ̀wé pé ó tó àkókò láti sin èrò náà. Ó ní a kàn fọwọ́ fa àwọn ààlà rẹ̀ ni, àti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jáwọ́ láìmúrasílẹ̀ rárá. Nígbà tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ìwádìí ní ọdún 2010, wọ́n rí i pé ìrànlọ́wọ́ tí a ṣe láti bá ìpele oníkálukú mu kò dára ju irú rẹ̀ tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì burú jù ú. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ààyè kan. Àǹfààní tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí n lè sọ òtítọ́ nígbà tí n kò tíì ṣe tán.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láìsí sìgá le bí wọ́n ti máa ń sọ. Ara mi kò balẹ̀, oorun ń já, mo ń bínú sí ilẹ̀kùn. Níbí ni ohun tó dára jù nínú ètò náà ti yọjú: bọ́tìnì kan wà tí a ń tẹ̀ bí òùngbẹ sìgá bá dé, yóò sì máa ka ìṣẹ́jú bí a ti ń mí. Òùngbẹ náà kì í sábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá lọ yóò lè dúró dè é. Mo tẹ bọ́tìnì náà títí àtàǹpàkò fi ń ro mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kàlẹ́ńdà gba ọ̀gá. Ètò tó fi sùúrù béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó jáwọ́ kò tún béèrè nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ ló ń kà. Ní ọjọ́ 180 ó kí mi kú oríire, ó ní mo ti wọ ìpele ìtẹramọ́, ti ẹni tó ti kọjá oṣù mẹ́fà, ó sì dín àtẹ̀jíṣẹ́ ojoojúmọ́ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí ló yí padà lára mi láàárín ọjọ́ 179 àti ọjọ́ 180? Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìkíni náà, mo dúró níta níbi tí ẹbí mi kan ti ń gba ìtọ́jú, ẹnìkan na sìgá sí mi, mo sì gbà á. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti di mẹ́rin.

Mo jẹ́wọ́ fún ètò náà, nítorí mo gbà pé ohun tí mo sanwó fún gan-an nìyí. Ó pa iye ọjọ́ mi rẹ́, ó kọ òdo, ó sì gbé ìbéèrè mẹ́rin ọjọ́ àkọ́kọ́ wá síwájú mi: ṣé mo ti ń ronú láti fi sìgá sílẹ̀? Bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Abala méjì tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò béèrè ibi tí mo wà tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó yíjú padà sílé. Àwọn tó dá èrò ìpele sílẹ̀ kò ṣe é báyìí; mo ti sọ ọ́ pé wọ́n ka ìpadàsẹ́yìn mọ́ àwọn ìpele. Ní ọdún 1992, Prochaska àti DiClemente pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn, John Norcross, ya ìyípadà bí ọ̀nà tó ń lọ́ gòkè bí ìkarahun ìgbín: ẹni tó ṣubú yóò padà sẹ́yìn, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ti ń tún un gùn.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ín. Ọjọ́ mẹ́jọ ni èsì fi pẹ́, ó sì kún fún ọ̀wọ̀: wọ́n fún mi ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní kò sí bí àwọn ṣe lè dá àkọsílẹ̀ mi padà. Ọgbọ́n tí mo wá dá ni pé mo purọ́ fún fóònù. Mo yan ìpele ìṣe, ti ẹni tó ti jáwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, mo kọ ọjọ́ tí kì í ṣe òtítọ́ sí i, mo sì lọ rí oníṣègùn tó fún mi ní nikotíìnì tí a ń lẹ̀ mọ́ ara. Oṣù kejì rèé tí n kò fẹnu kan sìgá.

Bí ẹsẹ̀ yín kan bá ṣì wà nínú, tí èkejì wà níta, irú ètò yìí yẹ ní lílò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n kí ẹ da abala méjèèjì kọ sínú ìwé tiyín kí ó má baà sọnù. Bí ẹ bá ti pinnu pé ọ̀la ni, ẹ má dúró de ìpele kankan; ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ti jáwọ́ tó sì ṣubú ni n kò lè rán lọ síbẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti bọ́tìnì ìṣẹ́jú náà nìkan, èyí tí mo tún tẹ̀ ní àná.