Ìwé dára, títẹ̀ kò dára: ìtàn ìgbésí ayé John Mercer Langston

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi ra ìwé yìí ní dọ́là 29 ní Amẹ́ríkà, ó sì tì í bọ àárín aṣọ nínú àpótí rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ wá ṣọdún ní Ìbàdàn. Àkọlé rẹ̀ ni From the Virginia Plantation to the National Capitol. John Mercer Langston, ẹni tó jẹ́ agbẹjọ́rò, olóṣèlú àti aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní orílẹ̀-èdè Haiti, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1894, nígbà tó ku ọdún mẹ́ta kó papò dà. Ẹ̀dà tuntun tí ilé iṣẹ́ kan tẹ̀ láti inú ti àtijọ́ ni èyí tó dé ọwọ́ mi. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò ní bo iṣẹ́ wọn.

Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe. Ó hàn gbangba pé ńṣe ni wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ojú ewé ìwé àtijọ́ kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì dì í pọ̀ láìsí ẹni tó tún un wò. Ní ojú ewé kan, mo rí òjìji àtàǹpàkò ẹni tó di ìwé náà mú nígbà tí wọ́n ń yà á. Àwòrán Langston tó wà níwájú ti dúdú bí ìdí ìkòkò, débi pé irùngbọ̀n rẹ̀ àti ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ìlà a sì máa sá wọ ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé pọ̀, tí ẹni tó ń kà á yóò fi ní láti fipá là á. Ìwé tó lé ní 500 ojú ewé kò lè gba irú ipá bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n ní kí wọ́n dá a padà. Ọdún 1829 ni wọ́n bí Langston ní Louisa County ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ralph Quarles, òyìnbó olóko ńlá, ni bàbá rẹ̀. Lucy Langston, obìnrin tí Quarles ti ní lẹ́rú rí kó tó dá a sílẹ̀, ni ìyá rẹ̀. Ọdún kan náà, 1834, ni àwọn méjèèjì kú, John kò sì tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí Ohio, níbi tí òfin kò ti gba kíkó ẹrú láyè, ìdílé William Gooch, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, sì tọ́ ọ ní Chillicothe títí Gooch fi fẹ́ kó lọ sí Missouri, ìpínlẹ̀ tí ẹrú ṣì pọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ, adájọ́ sì pàṣẹ pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ kúrò ní Ohio.

Ohun kan wà tí yóò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé náà: Langston kì í sọ pé «èmi». «Ọ̀gbẹ́ni Langston ṣe báyìí, ó sọ báyìí» ni títí dé òpin, bí ẹni tó dúró sójú agbo tó ń ki ara rẹ̀, tó sì ń ṣe bí ẹni pé akígbe mìíràn ló ń ki òun. Ó pẹ́ kí etí mi tó mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé ọ̀nà tí agbẹjọ́rò ń gbà rojọ́ oníbàárà rẹ̀ ni ó ń gbà rojọ́ ara rẹ̀.

Ibi tí ó ti dùn jù ni ìgbà tó ń wá ọ̀nà láti kọ́ òfin. Ó ti gboyè ní Oberlin College ní 1849, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ òfin kan ní Ballston Spa, ní ìpínlẹ̀ New York, kọ̀ láti gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n dọ́gbọ́n sọ fún un pé bí ó bá lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ Faransé tàbí ọmọ Sípéènì, ọ̀rọ̀ náà lè ní ojútùú. Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́ ní Cincinnati pẹ̀lú, ó sì wá kọ́ òfin lábẹ́ agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Philemon Bliss ní Elyria, ní Ohio. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní 1854 kó lè di agbẹjọ́rò, àwọn tó dán an wò kò jiyàn pé ó mọ òfin. Àwọ̀ rẹ̀ ló di àríyànjiyàn. Òfin Ohio ìgbà náà ka ẹni tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó inú rẹ̀ bá ju ìdajì lọ mọ́ òyìnbó, ìyẹn ni wọ́n sì rọ̀ mọ́ tí wọ́n fi gbà á. Ọkùnrin tí kò gbà láti sẹ́ ìran rẹ̀ kó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ ni òfin wá sọ di òyìnbó lórí ìwé kó lè wọ ilé ẹjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀.

Ẹjọ́ tó gbà rò ní Oberlin ní 1862 náà kò ṣeé fò. Wọ́n fẹ̀sùn kan Edmonia Lewis, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó wá di gbajúmọ̀ tó ń fi òkúta gbẹ́ ère lẹ́yìn náà, pé ó fi oògùn sínú wáìnì fún àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jọ ń gbé. Langston tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ẹni tó yẹ ohun tó wà nínú ikùn àwọn ọmọbìnrin náà wò, nítorí náà kò sí ẹ̀rí pé májèlé kankan wà rárá. Ẹjọ́ náà túká.

Ti iṣẹ́ ìjọba ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá mi lórí. Ó ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Haiti láti 1877 sí 1885, ó sì ṣàpèjúwe ilẹ̀ àti àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin náà ṣe gbóná tó nínú iṣẹ́ yẹn, kí ó wá ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ọdún 1886 kà mọ́ ọn: owó oṣù rẹ̀ tí òfin pè ní dọ́là 7,500 lọ́dún ni àwọn aṣòfin ń san ní 5,000, ó pe ìjọba tí ó ṣojú fún lẹ́jọ́, ó sì jàre. Ìjàkadì ìdìbò 1888 ní Virginia, níbi tó ti du ipò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, tún jẹ́ kí n jókòó ṣinṣin. Oṣù September 1890 ni wọ́n tó gbà pé òun ló wọlé, sáà náà sì parí ní March 1891.

Àléébù ìwé náà fúnra rẹ̀ ni pé Langston kì í gbójú fo ìyìn. Gbogbo oúnjẹ tí wọ́n fi ṣe é lálejò àti gbogbo lẹ́tà tí wọ́n fi yìn ín ló fẹ́ kí a gbọ́. Kí ẹni tí kò bá ní sùúrù ka ti ìgbà èwe àti ti ẹ̀kọ́ òfin, kó sì bọ́ sí ti ìdìbò.

N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi dọ́là 29 ra ẹ̀dà yìí. Ìwé náà ti pẹ́ ju ohun tí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé dè lọ, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán ibẹ̀ sì mọ́ ju èyí tí wọ́n tà fún mi lọ. Tèmi ti là sí méjì láàárín ọ̀rọ̀ Haiti. Rọ́bà ni mo fi dè é báyìí.