HMO mi, dókítà ọpọlọ, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí mo fi wá kóòdù

Mi ò ní dárúkọ HMO náà, ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń sanwó ìtọ́jú mi, ẹ má bi mí. Kóòdù ni nọ́ńbà tí wọ́n máa ń fún ọsibítù láti fi hàn pé àwọn máa sanwó. Ilé iṣẹ́ mi ló ń san owó rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ni mo sì fi ń bọ́ ọmọ. Àmọ́ bí káàdì HMO bá wà nínú pọ́ọ̀sì yín, tí ẹ ò tíì fi tọ́jú ohun tó ju ibà lọ rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Oorun ló kọ́kọ́ sá lọ. Lẹ́yìn Iléyá ọdún tó kọjá, aago méjì òru ni ojú mi máa ń là, àyà mi á máa lù kìkìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ní ọ́fíìsì wa ní Ìkẹjà, màá wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ sunkún, màá bọ́jú, màá padà sídìí kọ̀ǹpútà. Oúnjẹ ò lọ mọ́. Ọmọ mi á máa bá mi sọ̀rọ̀, màá kàn máa wo ẹnu rẹ̀ ni, mi ò ní gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọsibítù tí wọ́n kọ sórí káàdì mi ni mo lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní màláríà àti tífọ́ọ̀dù ni. (Ní Èkó, bí ìka ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́ pàápàá, màláríà àti tífọ́ọ̀dù ni.) Mo gba abẹ́rẹ́. Mo tún padà lọ, mo tún gba abẹ́rẹ́. Ìgbà kẹta ni mo bá dókítà kékeré kan pàdé tí kò sáré fa bírò yọ. Ó mú bébà kan jáde, ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀melòó ni nǹkan ò wù yín í ṣe? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ò rí oorun sùn? Èyí tó kẹ́yìn ni bóyá ó ti ń wá sí mi lọ́kàn pé ikú ìbá sàn. Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́, kò sì yọ mí lẹ́nu títí mo fi dáhùn. Lẹ́yìn náà ló kọ lẹ́tà sí dókítà ọpọlọ, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù mà. HMO yín máa sọ ibi tí ẹ máa lọ."

Ọmọ dáadáa ni. Kò tíì bá HMO jà rí ni.

Mo ṣí áàpù wọn. Ọsibítù márùn-ún ló jáde fún ìtọ́jú ọpọlọ ní gbogbo Èkó, inú mi dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti kú. Ẹni tó gbé èkejì ní eyín làwọn ń tọ́jú, ó tiẹ̀ bi mí bóyá eyín ń dùn mí. Ẹ̀kẹta ní àwọn àti HMO yẹn ti pínyà láti ọjọ́ pípẹ́ torí gbèsè; bí mo bá fẹ́ rí dókítà, kí n mú ₦40,000 wá, kí n lọ gbà á padà lọ́wọ́ wọn bí mo bá lè gbà á. Ẹ̀kẹrin ní dókítà ọpọlọ àwọn máa ń wá ní Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jápa. Ẹ̀karùn-ún wà ní Lẹ́kí, dókítà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọ̀gá tó ń lo káàdì aláwọ̀ wúrà nìkan ni HMO ń sanwó fún níbẹ̀. Tèmi aláwọ̀ búlúù ni.

Mo wá pe kọ́sítọ́mà kíà. Ọmọbìnrin tó gbé e lọ́jọ́ Ajé ní ìtọ́jú ọpọlọ ò sí nínú ètò mi rárá. Ọmọkùnrin tó gbé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní ó wà, bí mo bá ti gba ìwé lọ́wọ́ HR. Ẹni ẹ̀kẹta bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ̀yin gan-an ni ara yín ò yá, àbí ẹ ń bá ẹlòmíì bèèrè?" Mo pa fóònù.

HR ni mo ń sá fún látilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n: bí HR bá gbọ́ lówùúrọ̀, ọlọ́ọ̀kadà iwájú géètì á ti gbọ́ kó tó di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Mo kàn kọ ímeèlì pé kí wọ́n fi ìwé ètò HMO wa ránṣẹ́ sí mi lódindi, pé mo fẹ́ mọ ohun tí eyín ọmọ mi máa ná mi. Wọ́n fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ojú ewé kẹtàdínlógún ni mo ti rí i: rírí dókítà ọpọlọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, pẹ̀lú kóòdù; ìdánidúró sí ọsibítù, rárá; psychologist, rárá. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé pàjáwìrì kì í dúró de kóòdù, ọsibítù á kọ́kọ́ tọ́jú aláìsàn ná. Ẹ wá a nínú tiyín kí ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ tó dé.

Ní 2022 ni òfin tuntun ti NHIA, àjọ ìjọba tó ń rí sí adójútòfò ìlera, sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà. Ní January 2023, ààrẹ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tó gba ipò òfin wèrè tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916. Mo ka gbogbo èyí lórí fóònù mi láàárín òru tí mi ò rí oorun sùn. Kò sí èyí tó bá mi gba kóòdù nínú wọn.

Láàárín ìgbà yìí ni màmá mi dé láti Abẹ́òkúta. Mo ti múra sílẹ̀ fún àdúrà, a sì gbà á lóòótọ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ohun tí mi ò múra sílẹ̀ fún ni ohun tí wọ́n sọ nígbà tí mo sọ fún wọn pé dókítà ọpọlọ ni wọ́n ní kí n lọ rí. Èmi tí mo ti rò pé wọ́n máa ké "Ẹ má gbé ọmọ mi lọ Arò o!" Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ pé ilé wa ni àwọn ará Arò ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré?" Mi ò mọ̀. Ìyá wọn àgbà ní ilé sí ọ̀kan nínú àwọn abúlé tó wà nítòsí ọsibítù ọpọlọ Arò. Láti 1954 ni Dókítà Lambo, dókítà ọpọlọ níbẹ̀, ti ṣètò rẹ̀ pé kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, kí ẹbí kan bá wọn wá, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú lójúmọ́. Màmá ní ọkùnrin kan tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wọn ló kọ́ àwọn ní ìṣirò. "Ó gbádùn, ó lọ sílé. Ìwọ náà á gbádùn." Èmi tí mo ti fi "Yaba Left" ṣe yẹ̀yẹ́ èèyàn ní yunifásítì, tí mi ò bi ara mi rí bóyá ẹnikẹ́ni ti ibẹ̀ bọ̀ tó sì padà síṣẹ́ ọ́fíìsì. Ọsibítù ọpọlọ Yábà yẹn ti wà láti 1907. Àwọn tó ti bọ̀ pọ̀ láàárín wa.

Màmá ló ní kí n yéé pe fóònù, kí n fi ẹsẹ̀ mi lọ. Mo mú lẹ́tà dókítà kékeré yẹn, mo lọ sí ọsibítù ìjọba kan tí kò tiẹ̀ sí lórí áàpù. Wọ́n ní tábìlì HMO níbẹ̀, ìyá àgbà kan tó wọ ìró àti bùbá lójú iṣẹ́ ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n wo káàdì mi, wọ́n wo ojú mi.

"Ta ló ní kí ẹ máa pe HMO?"

"Dókítà ni, mà."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bèèrè kóòdù, Àǹtí mi. Àwa la máa bèèrè ẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá pè é, ẹni tí ò mọ̀wé ìtọ́jú ló máa gbé e. Bí àwa bá pè é, ẹni tó ń fọwọ́ sí i ló máa dáhùn. Ẹ jókòó."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ti kọjá. Kóòdù dé láàárín ogójì ìṣẹ́jú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n pa áàpù yẹn tì. Ẹ kọ́kọ́ wá ọsibítù tó ní dókítà ọpọlọ, ẹ lọ sídìí tábìlì HMO wọn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba káàdì yín lónìí, kì í ṣe lọ́dún tó kọjá. Ẹ béèrè ọjọ́ tí dókítà máa ń wà. Ẹ béèrè bóyá kóòdù kan náà ló máa kárí oògùn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló dun èmi jù. Kóòdù dókítà yàtọ̀, kóòdù oògùn yàtọ̀, èyí tí wọ́n fún mi fún oògùn sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì péré. Dókítà sì ti sọ fún mi pé sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí òun kọ yìí, lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mú ara rọ̀, pé mi ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Ìyókù oṣù, àpò mi ló ń gbọ́ ọ.

Dókítà náà fúnra rẹ̀? Wákàtí mẹ́rin ni mo fi dúró lórí bẹ́ǹṣì onígi, ẹ mú omi àti bisikíìtì dání. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, Yorùbá ni wọ́n fi bi mí léèrè oorun, oúnjẹ, ọmọ, ọkọ, gbèsè, wọn ò sì wo aago. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo sùn títí di ìrun àsùbáà, ohùn ládánì mọ́sáláṣí àdúgbò ló jí mi. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti lo ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin mi. HMO gba ìràwọ̀ méjì lọ́wọ́ mi, torí pé wọ́n san ohun tí wọ́n ní àwọn máa san nígbà tí mo jàjà rí ẹni bá mi bèèrè é. Áàpù wọn ò gba nǹkan kan. Màmá tábìlì HMO gba márùn-ún, bí wọ́n sì ní mẹ́wàá ni, màá fún wọn. Kóòdù tó wà lọ́wọ́ mi báyìí máa kú lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́rú ni mo ń lọ.