Áńtẹ́nà tí a fi rọ́pò kébù nílé wa ní Katy, lẹ́bàá Houston

Láti ìgbà tí a ti dá iṣẹ́ kébù dúró nílé wa ní Katy, ní ìwọ̀-oòrùn Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, áńtẹ́nà ClearStream 2MAX ti ilé-iṣẹ́ Antennas Direct ni a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó tẹ́ mi lọ́rùn débi pé mo ti júwe rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ará wa ní ìlú yìí. Síbẹ̀, ìdí tí mo fi yàn án ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí yẹn yóò lè yan èyí tó bá ilé tirẹ̀ mu, ì báà jẹ́ irú èyí tí mo rà tàbí òmíràn.

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà, ohun tí ẹ ó rí gàdàgbà lára páálí áńtẹ́nà ni iye máìlì tí wọ́n ní agbára rẹ̀ dé: 200, 500, àní 1,000 nígbà mìíràn. Ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Ilẹ̀ ayé kò tẹ́jú. Bí ìgbì tẹlifíṣọ̀n bá ti rìn tó máìlì 60 tàbí 70 láti orí òpó rẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á ti máa dí i lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni "4K", ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere jù, tí wọ́n ń kọ sára páálí kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí iṣẹ́ áńtẹ́nà ni láti gba ìgbì, tẹlifíṣọ̀n ló ń sọ ọ́ di àwòrán.

Irú ìgbì tí àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìlú yín ń lò ló yẹ kí ẹ wò. Oríṣi ìgbì méjì ló wà: VHF, tí ìgbì rẹ̀ gùn, àti UHF, tí tirẹ̀ kúrú. Ìkànnì 2 dé 13 ni VHF, UHF sì bẹ̀rẹ̀ láti 14 dé 36. Nígbà tí Amẹ́ríkà kó bọ́ sórí ètò díjítà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2009, púpọ̀ nínú wọn lọ sórí UHF, ṣùgbọ́n wọn kò jọ̀wọ́ nọ́ńbà tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ wọ́n mọ́. Nítorí náà ni nọ́ńbà tó ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n fi lè ṣini lọ́nà. KPRC, tó ń gbé ètò NBC, ń pe ara rẹ̀ ní 2, bẹ́ẹ̀ ìkànnì 35 ló ti ń gbé ìgbì rẹ̀ jáde. KUHT tí í ṣe 8, tó ń gbé ètò PBS, KHOU tí í ṣe 11, tó ń gbé ti CBS, àti KTRK tí í ṣe 13, tó ń gbé ti ABC, wà lórí VHF gan-an. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ra áńtẹ́nà tí wọ́n ṣe fún UHF nìkan ní Houston lè pàdánù PBS, CBS àti ABC lẹ́ẹ̀kan náà.

Gígùn ìgbì UHF jẹ́ nǹkan bíi ìdajì mítà, ṣùgbọ́n ti ìkànnì 8 sí 13 tó nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀. Áńtẹ́nà pẹlẹbẹ tí kò ju ìwé ńlá kan lọ, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé, kéré jù láti gba irú ìgbì gígùn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Aládùúgbò wa kan yá mi ní tirẹ̀ kí n fi dán ilé wa wò: àwòrán ìkànnì 2 àti 26, tí wọ́n wà lórí UHF, dúró digbí, 11 ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, a kò sì rí 8 rárá. Èyí dùn mí jù, nítorí orí KUHT ni àwọn ọmọ wa ti ń wo ètò PBS. Ọdún 1953 ni ilé-iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó jẹ́ ti ará ìlú fún ẹ̀kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó wà ní Houston lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tí mo rà ní òrùka méjì tó so kọ́ra fún UHF, ó sì ní ọ̀pá gígùn kan tó dábùú fún VHF. Ọ̀pá yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ rà á. Àwọn tó bá jìnnà sí òpó jù wá lọ lè nílò èyí tó tóbi, tó rí bí eegun ẹja. Ní tiwa, nǹkan bíi máìlì 25 ló wà láàárín ilé wa àti Missouri City, níbi tí òpó púpọ̀ nínú àwọn ìkànnì Houston dúró sí. Àǹfààní ńlá nìyẹn, nítorí ibì kan náà ni áńtẹ́nà máa kọjú sí, ìyẹn gúúsù-ìlà-oòrùn bí ẹ bá wà ní Katy. Àjọ FCC, tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ní àwòrán ilẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè fi àdírẹ́sì yín wo ìkànnì tó dé ọ̀dọ̀ yín, agbára rẹ̀, àti ìkànnì tó ti ń gbé ìgbì jáde ní tòótọ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó náwó.

Òkè àjà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé e sí, kí òjò má baà pa á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Texas, abẹ́ òrùlé wa ní bébà onírin tó ń lé ooru padà, irin yẹn sì ń dá ìgbì dúró. A gbé e síta, sí ẹ̀yìn ilé. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ lẹ́tà sí wa pé kí a yọ ọ́. Mo fi òfin FCC ti ọdún 1996 dá wọn lóhùn, èyí tí kò jẹ́ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dí onílé lọ́wọ́ láti fi áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n sí ilé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ni àrá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná fi wáyà bàbà so ọ̀pá áńtẹ́nà àti wáyà rẹ̀ mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún iná ilé, nítorí àrá ń sán púpọ̀ ní etí òkun yìí.

Ẹni tó bá dàgbà ní Nàìjíríà yóò rántí áńtẹ́nà orí ọparun, tí ẹnì kan ń yí níta, tí ẹnì kejì ń ké láti inú ilé pé "Ó ti mọ́!" Ọgbọ́n yẹn ṣì wúlò, ṣùgbọ́n ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró, nítorí tẹlifíṣọ̀n díjítà máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó mú ìgbì. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ó wá gbogbo ìkànnì látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pín wáyà sí tẹlifíṣọ̀n méjì, ó lé ní ìdajì agbára ìgbì tí kò ní dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ẹ má ṣe sáré ra áńpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára ìgbì. Bí òpó bá sún mọ́ yín, áńpílífáyà lè da gbogbo rẹ̀ rú. Bí VHF nìkan bá sì ń já, ẹ kọ́kọ́ pa àwọn gílóòbù LED tó wà nítòsí, nítorí àwọn kan nínú wọn máa ń dí ìgbì náà lọ́wọ́.

A kò rí ESPN tàbí CNN mọ́, kò sì sí ìkànnì Nàìjíríà kankan lórí áńtẹ́nà. Ẹni tí kò bá lè gbé láìsí wọn gbọ́dọ̀ ṣì máa sanwó níbòmíràn. Ṣùgbọ́n NBC ń gbé díẹ̀ nínú ìdíje Premier League jáde, a sì ń rí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti ọjọ́ Àìkú lórí CBS àti Fox. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní oṣù keje ọdún 2024, tí iná kò sí fún àwọn oníbàárà tó ju mílíọ̀nù 2 lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa kú, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé tẹlifíṣọ̀n kan, a sì ń gbọ́ ìròyìn ìjì náà. Fún ìdí yìí nìkan, mo rò pé ó yẹ kí áńtẹ́nà wà ní gbogbo ilé ní ìlú yìí, títí kan ilé tí kò fẹ́ fi kébù sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń gbé ilé àpátìméǹtì lè má ní àyè fún irú tiwa. Òfin ọdún 1996 yẹn kan báńkóní tó jẹ́ tiyín nìkan, kò kan òrùlé tí gbogbo ayálégbé jọ ni. Ẹ ra áńtẹ́nà kékeré tó ní apá méjì tí a lè fà gùn, ẹ fa apá kọ̀ọ̀kan dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38, kí ẹ sì gbé e sí fèrèsé tó kọjú sí Missouri City. Kò wọ́n, ó sì sàn púpọ̀ ju pẹlẹbẹ lọ fún 8, 11 àti 13.