Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ Sátidé tí mo lọ ní Yábàá

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Ṣómólú, èmi ni mò ń kọ mínítì. Lóṣù kan mo kà á jáde pé "Chairman said he will see the council tomorrow", bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí bá dìde, wọ́n ní akọ̀wé, tomorrow wo? Ìpàdé yẹn ti lé lóṣù kan o. Ó dùn mí gan-an torí mo mọ̀ pé nǹkan kan ò dáa níbẹ̀, mi ò ṣáà mọ ohun tó jẹ́.

Ìyẹn ló gbé mi dé kíláàsì yìí ní ìtòsí Sábó, Sátidé mẹ́fà, ₦15,000.

Tíṣà yẹn mọṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní tí Bọ́lá bá sọ pé "mò ń bọ̀", báwo lẹ ṣe máa bá a sọ ọ́ fún ẹlòmíì? Gbogbo wa ní "Bọ́lá ní òun ń bọ̀". Ó ní ẹ wò ó, "mo" ti di "òun" ṣùgbọ́n "ń bọ̀" ò yẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ àná ló sọ ọ́ ìbáà jẹ́ èṣín. Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe bẹ́ẹ̀, tí "said" bá ti ṣíwájú, tẹ́ǹsì tó tẹ̀ lé e máa sún sẹ́yìn, am á di was, will á di would, have paid á di had paid, tomorrow náà á di the next day. Ibẹ̀ ni mo ti rántí gbogbo mínítì tí mo ti kọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ní Yorùbá náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì!

Ti "òun" yẹn tún wú mi lórí. Bọ́lá ní òun máa san án, Bọ́lá ní ó máa san án, àwa mọ̀ pé ẹni tó máa sanwó ò jọra, ṣùgbọ́n he would pay ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì, torí ẹ̀ ni tíṣà ṣe ní nínú mínítì ká dárúkọ ẹni tó máa sanwó gan-an. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ rí ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ó tún ní tó bá jẹ́ "says" ni, tẹ́ǹsì ò ní sún rárá, ohun tó sì jẹ́ òótọ́ títí dòní lè dúró bó ṣe wà: He said that Ikorodu is in Lagos State, kò sí wàhálà.

Ibi tó ti bí mi nínú ni handout. ₦2,000 ọ̀tọ̀ ni wọ́n tà á, wọ́n wá kọ síbẹ̀ pé gbogbo tẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ sún, kò sí àyọsílẹ̀, tó sì ta ko ohun tí tíṣà fẹnu ara ẹ̀ kọ́ wa. Ẹni tó bá lọ fi ìyẹn kàwé JAMB ńkọ́? Aago mẹ́wàá tí wọ́n sọ náà, ó máa ń fẹ́ẹ̀ tó mọ́kànlá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbéèrè wá di kánmọ́kánmọ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn: He asked me where I was going, kì í ṣe where was I going, ìwọ̀nba tí mo rí kọ sílẹ̀ nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá mo ka "the Chairman said that he would see the council the next day", bàbá yẹn ní káwọn tẹ́wọ́ gbà á, kò yí nǹkan kan padà. Màá padà lọ nítorí ti ìbéèrè yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má ra handout, ìwé nóòtù yín ni kẹ́ ẹ mú dání.