Òwú nánótúùbù: ṣé igbó tó ti hù ni kí ẹ rà, àbí ààrò?

Ẹ̀yin ará Òkun tí ẹ fẹ́ máa fi nánótúùbù kábọ́ọ̀nù (ọ̀pá kábọ́ọ̀nù oníhò inú, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ gan-an) ran òwú ní Kàbà tàbí Ìsánlú, ohun mẹ́ta ni owó yín lè rà: òwú tí wọ́n ti ran tán, igbó nánótúùbù (ìyẹn ọ̀pọ̀ nánótúùbù tó dúró pọ̀ bí igi inú igbó) tó ti hù sórí pẹlẹbẹ sílíkọ́nì, tàbí ààrò tí ẹ ó fi máa mú un hù fúnra yín.

Òwú tí wọ́n ti ran tán dára fún ẹni tó kàn fẹ́ dán agbára rẹ̀ wò. Kì í kọ́ èèyàn níṣẹ́.

Igbó tó ti hù ni mo fara mọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín. Nánótúùbù lè dúró ṣánṣán lórí pẹlẹbẹ kó má sì ṣeé fà rárá, bẹ́ẹ̀ fífà yẹn gan-an lẹ̀ ń sanwó fún. Lọ́dún 2002, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tsinghua ní Ṣáínà fi hàn pé tí wọ́n bá fa etí igbó tó dára, nánótúùbù kan á fa èkejì, okùn á sì máa jáde wá bí òwú ṣe ń jáde lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ranwú ní Bùnú. Lọ́dún 2005, ní Yunifásítì Texas ní Dallas, sẹ̀ǹtímítà kan péré lára igbó tó ga ní máíkírómítà 245 (bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà) di abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn tó mítà 3. Nítorí náà, ẹ béèrè fídíò ibi tí wọ́n ti ń fa igbó tí wọ́n fẹ́ tà fún yín gan-an, kì í ṣe ti èyí tí wọ́n mú hù lóṣù tó kọjá. Fọ́tò máíkírósíkóòpù kò tó. Ẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe máa dì í, torí ohunkóhun tó bá tẹ orí igbó mọ́lẹ̀ lọ́nà ti bà á jẹ́.

Ti ààrò ló le. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ irin tí kò nípọn ju nánómítà díẹ̀ lọ sórí pẹlẹbẹ, ẹ̀rọ tó ń tẹ́ ẹ sì gbówó lórí lọ́tọ̀. Wọ́n á wá fi gáàsì asẹtilíìnì sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n sẹ́lísíọ́ọ̀sì 700. Asẹtilíìnì tí àwọn jórinjórin wa ń fi kábáìdì ṣe kò yẹ níbí, torí fọ́sífíìnì (gáàsì olóró kan) àti àwọn ìdọ̀tí mìíràn wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ láàárín iṣẹ́, igbó náà bàjẹ́ nìyẹn, gáàsì tó lè gbiná ṣì wà nínú ààrò. Ẹ má ra èyí tí kò lè fi ágọ́ọ̀nù (gáàsì tí kì í gbiná) lé gáàsì jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Tó bá jẹ́ pé ààrò lẹ fẹ́ dandan, ẹ béèrè irú èyí tó lè lo ìyẹ̀fun kílóráìdì onírin, ọ̀nà tí Yunifásítì Shizuoka ní Japan gbé jáde lọ́dún 2008. Kò nílò ẹ̀rọ títẹ́ irin yẹn, ṣùgbọ́n ó nílò páǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò, èéfín rẹ̀ sì máa ń jẹ irin.

Èyí ó wù kí ẹ rà, ẹ má ha nánótúùbù gbígbẹ láìbo imú. Ẹ ra ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún ìṣirò yín kí ẹ tó ná ọjà.