Ẹ̀rọ Ìjórin Inverter Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́fà ní Ìsọ̀ Mi ní Ìlọrin

Oṣù mẹ́fà nìyí tí mo ti ń fi ẹ̀rọ ìjórin inverter oní-ámpù 200 ṣe ilẹ̀kùn irin ní ìsọ̀ mi ní Tánkẹ̀, owó tí mo ná lé e lórí kò sì ṣòfò rárá. Ẹ̀rọ àtijọ́ wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń gbé e, ó sì ń fa iná kódà nígbà tí a kò jó nǹkan kan. Nínú tuntun yìí, àwọn súìṣì sílíkónì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní IGBT ló ń gé iná sí wẹ́wẹ́, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyára yìí ló jẹ́ kí tiransifọ́mà inú rẹ̀ kéré, tí iná tó ń ṣègbé bí ooru sì fi dínkù. Jẹnẹrétọ̀ wa tó máa ń kérora tí ọ̀pá ìjórin bá ti kan irin ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ báyìí, epo rẹ̀ sì ń pẹ́ sí i.

Ọ̀tá ńlá ẹ̀rọ ìjórin yìí ni eruku irin, tí fáànù ń fà wọlé sórí bọ́ọ̀dù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń yọ ọ́ kúrò lára iná, tí mo sì máa ń fẹ́ ẹ mọ́.