Wíwọn ìfúnpá: nílé ni, àbí lọ́dọ̀ dókítà?

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ tó ní in ni kò mọ̀, àfi ìgbà tí wọ́n bá wọn ìfúnpá wọn, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan. Ibo wá ni ká ti wọ̀n ọ́n?

Ní ilé ìwòsàn, ọwọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lẹ wà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àyà àwọn kan máa ń já bí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun, ìfúnpá wọn á sì gòkè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń lo 140/90 (nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fi hàn) gẹ́gẹ́ bí ààlà ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ 135/85 bí ẹ bá wọ̀n ọ́n nílé.

Nílé, ẹ lè wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní sọ fún yín pé ẹ ò jókòó dáadáa. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba, ẹ sì panu mọ́. (Ti ẹnu yẹn ló nira jù fún èmi!) Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá ló sàn ju ti ọrùn ọwọ́ lọ.

Tilé ni màá mú, bí dókítà yóò bá ka àkọsílẹ̀ náà. Àmọ́ bó bá kọjá 180/120, tí àyà ń dunni tàbí tí ojú ń ṣú, ilé ìwòsàn ni kíá.